Ikú Jordan McNair: Kí ni àwọn yunifásítì wa fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀?

Bí ìdíje NUGA bá ti parí, góòlù ni àwọn yunifásítì wa kọ́kọ́ máa ń kà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá kó góòlù délé yóò pe àwọn oníròyìn, gíwá yóò bá àwọn ọmọ ya fọ́tò, èyí tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀ yóò sì dákẹ́ bí ẹni tó ta omi sẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìdíje mìíràn. Èmi kò sọ pé góòlù kò dára o. Láti ọdún 1966 tí wọ́n ti ṣe NUGA àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìdíje náà ti jẹ́ iyì fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí a kì bá má gbọ́ orúkọ wọn. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú góòlù. Àwọn ọmọ tí a ń kó lọ sí pápá yìí, ta ló ń tọ́jú wọn? Ta sì ni olùtọ́jú náà ń jábọ̀ fún?

Ohun tó mú mi béèrè bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ní Yunifásítì Maryland, ìlú College Park, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Yunifásítì ìjọba ni, bí LASU ṣe jẹ́ ti ìjọba Èkó. Owó ìlú wà nínú rẹ̀, gómìnà àti àwọn aṣòfin sì lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Eré tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ́hùn-ún kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwa yìí. Bọ́ọ̀lù tiwọn mú ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọn a sì máa kọlu ara wọn bí àgbò. Owó ńlá wà nídìí rẹ̀. Lọ́dún 2014, Maryland fi ẹgbẹ́ ìdíje tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́ sílẹ̀, ó bọ́ sínú òmíràn tí wọ́n ń pè ní Big Ten, torí pé owó tó wà lọ́hùn-ún pọ̀ ju ti ibi tó ti kúrò lọ.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018, wọ́n kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jáde fún ìgbaradì. Wọ́n ní kí wọ́n sá eré tó tó ọgọ́rùn-ún mítà, nígbà mẹ́wàá. Ọmọ ọdún 19 ni Jordan McNair, ó sígbọnlẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn tó sanra ni wọ́n ń fi sí ipò tó ń gbá. Kí eré náà tó parí, ooru ti mú un débi pé kò lè dá dúró mọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fà á lápá. Àwọn tó wà nídìí ìtọ́jú kò fi ẹ̀rọ wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi tútù. Ó ju wákàtí kan lọ kí áńbúláǹsì tó gbé e kúrò nínú ọgbà. Nílé ìwòsàn, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọmọ náà kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ro oko lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan mọ ohun tí ooru lè fi ara ènìyàn ṣe. Àlàyé àwọn oníṣègùn ni pé bí ooru bá ti wọ ara débi pé ọ̀rọ̀ ẹni náà kò já gaara mọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ tu ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà níbẹ̀, kì í ṣe wákàtí. Kò sì gbà ju ọpọ́n ńlá kan, omi àti yìnyín lọ. Yunifásítì tó ń ná ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là sórí eré ìdárayá, omi tútù ni kò lò.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú náà ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò. Yunifásítì náà kò ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun dá ara wọn lẹ́jọ́. Wọ́n pe onímọ̀ kan láti ìta, Rod Walters, tó mọ̀ nípa ìtọ́jú eléré ìdárayá dunjú, pé kó wá yẹ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọn kò ṣe wò. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ilé iṣẹ́ ìròyìn ESPN gbé e jáde pé èébú àti ìdẹ́rùbani ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀. Ni yunifásítì bá tún ní kí ìgbìmọ̀ kejì wádìí ìwà tó gbilẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Gíwá wọn, Wallace Loh, lọ bá àwọn òbí olóògbé, ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ ní gbangba pé yunifásítì gba ẹ̀bi náà, lábẹ́ òfin àti ní ti ìwà ọmọlúàbí. Nílé tiwa ńkọ́? Agbẹjọ́rò ni ì bá kọ́kọ́ ní kí gíwá má sọ nǹkan kan.

Àbọ̀ Walters jáde ní oṣù Kẹsàn-án, ti ìgbìmọ̀ kejì, tó sún mọ́ igba ojú ìwé, jáde ní oṣù Kẹwàá. Wọn kò tì í mọ́ inú àpótí, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á. Ohun méjì nínú rẹ̀ ló dùn mí jù. Ọ̀kan ni ti akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń bójú tó agbára ara àwọn ọmọ náà. Kò sí ẹni tó lè nàka sí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìkejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ mọ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, báwo ni yóò ṣe sọ pé ó rẹ òun?

Ẹ má rò pé ìwé ìwádìí nìkan ló tún ilé náà ṣe. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso gbogbo yunifásítì ìpínlẹ̀ náà jókòó, wọ́n ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, DJ Durkin, padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kéde pé Loh máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó tọrọ àforíjì ló ń múra àtilọ, ẹni tí ọmọ kú sí lọ́wọ́ ló ń padà bọ̀! Ariwo ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà, àwọn òbí kò gbà, àwọn òṣèlú náà sì dá sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Loh ti lé Durkin dànù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, James Brady, alága ìgbìmọ̀ náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Lọ́dún 2021, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ dọ́là fún àwọn òbí Jordan. Ọdún náà ni wọ́n ṣe òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tó mú un ní dandan kí àwọn yunifásítì ìjọba ibẹ̀ ní ìlànà tí wọn yóò máa tẹ̀ lé lórí ooru, orí fífọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nídìí eré.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí kò ní gbàgbé Samuel Okwaraji, tó ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè lọ́jọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí a ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sì dìde mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ó dín díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹta, ọdún 2020, Chineme Martins tó ń gbá fún Nasarawa United ṣubú ní Lafia, òun náà kú. Ìròyìn ìgbà náà ni pé áńbúláǹsì tó wà ní pápá kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá fún yunifásítì. Ṣùgbọ́n bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí gbajúmọ̀ lójú gbogbo ayé, kí ni ká rò nípa ọmọ tó ń sáré fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́?

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí mo kúrò ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí, n kì í sì í pa ìdíje ẹ̀ka sí ẹ̀ka jẹ. Bí ẹnì kan bá dákú lórí pápá, omi inú ọ̀rá la máa ń bu lù ú lórí, a ó pagbo yí i ká, títí ọlọ́kadà yóò fi gbé e lọ sí kíléńkì. Ọ̀pọ̀ wọn jí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè nǹkan kan.

Àwọn kan á ní kò sówó. Òótọ́ ni, owó kò tó. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022, nígbà tí Yunifásítì Èkó gba àlejò NUGA, ẹnu ìyanṣẹ́lódì ni àwọn olùkọ́ wà, ìdíje náà sì wáyé. Ohun tó bá wu àwọn aláṣẹ láti ṣe, wọ́n máa ń rí i ṣe. Èmi kò béèrè pápá bíi ti Amẹ́ríkà. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ìgbìmọ̀ alákòóso yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe eré ìdárayá. Kí ó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò sí, kí ó wádìí bóyá ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú pàjáwìrì wà ní pápá ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sí àlejò. Kí wọ́n sì lẹ ohun tó bá rí mọ́ ara pátákó ìkéde, kí òbí tó wá bẹ ọmọ rẹ̀ wò rí i kà. Bí ó bá jẹ́ pé inú fáìlì gíwá ni yóò gbà wọlé, kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin òbí náà. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba ti eré ìdárayá wọ Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso, ó gba ipò kìíní láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 2017, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 gba ipò ẹni tó yára jù láyé nínú eré ọgọ́rùn-ún mítà tí àwọn obìnrin ti ń fo igi, ní oṣù Keje, ọdún 2022. Nítorí irú oríire bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń wá ọmọ tó lè sáré tàbí tó ga yóò máa wọ abúlé wa wá. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ fún wọn ní omi mu, kí ẹ sì béèrè. Dókítà tó ń tọ́jú àwọn eléré níbẹ̀, ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ọ̀gá rẹ̀ ni, àbí ẹlòmíràn? Bí dókítà bá ní kí ọmọ mi jókòó, ṣé ẹnì kan wà tó lè ní kó dìde? Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà kò ní dúró? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú, kí páàsípọ́ọ̀tù ọmọ tó kúrò lọ́wọ́ yín.