Iṣẹ́ Ìjọba Dé, Ẹ Wọlé. Iṣẹ́ Ìjọba Tán, Ẹ Máa Lọ

Àwọn àgbà máa ń sọ pé a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba ká làágùn. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, kí ó rìn láti Fádéyì wọ òpópónà Bájúláyé ní Ṣómólú, kí ó yà sí ilé ìtẹ̀wé. Yóò rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí òógùn ń bọ́ lójú wọn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀gá wọn ló gba iṣẹ́ náà, àwọn ni wọ́n ń ṣe é: fọ́ọ̀mù ìjọba ìbílẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn, ìwé àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti kàlẹ́ńdà. Bí iṣẹ́ bá ti tán, ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ lọ máa sinmi ná, a ó pè yín." Ọ̀pọ̀ wọn ni a kì í pè mọ́.

Mo ta ko ìwà yìí. Ewu tó wà nínú iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá àti ìjọba ló yẹ kó ru èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń kó bébà sẹ́nu ẹ̀rọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ojo ló ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ìwé tí ìjọba ń tẹ̀ ń dín kù. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ní ọdún 2007, South Africa ni wọ́n ti tẹ ìwé ìdìbò ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí. Bí alága ìbílẹ̀ bá sì yí padà, ọ̀gá tó mọ èèyàn ní ọ́fíìsì lánàá lè má mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lónìí. Ní Bàrígà, bí iṣẹ́ bá ti dá báyìí, ọ̀rọ̀ owó WAEC á di àríyànjiyàn nínú ilé.

Àwọn ọ̀gá máa ń dáhùn pé ìjọba kò tíì sanwó. Òótọ́ ni pé ìjọba máa ń jẹ gbèsè. Òfin ìrajà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé bí owó iṣẹ́ bá kọjá ọgọ́ta ọjọ́ láìsan, ó ti pẹ́ nìyẹn, èlé sì gbọ́dọ̀ gùn ún. Kí àwọn ọ̀gá fi òfin yìí bá ìjọba jà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ìjọba bá lọ, ẹ̀rọ ọ̀gá ṣì wà níbẹ̀. Yóò fi tẹ káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú. Kí ló kù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́? Nígbà tí èrè wọlé, ẹnikẹ́ni kò pè é wá pín in. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àdánù nìkan ló ń kàn án?

Òfin wà fún un pẹ̀lú. Òfin Iṣẹ́ ti wà láti ọdún 1974. Abala 7 ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Abala 11 ní kí ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún gba ìkìlọ̀ oṣù kan kí iṣẹ́ tó bọ́. Ẹni tó lo ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì. Abala 20 ní bí ọ̀gá bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, kí ó sọ ìdí àti iye wọn fún ẹgbẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ó sì gbìyànjú láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó ìdágbére. Mélòó nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé fún gbogbo ayé ló ti tẹ ìwé àdéhùn kan ṣoṣo fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀?

Àwọn kan yóò ní bí a bá fi òfin há ọ̀gá mọ́, kò ní gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ mọ́. Èmi kò gbà. Kò sí òfin tó ní kí ọ̀gá má gba èèyàn fún oṣù mẹ́ta. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tó mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò tán lè wá òmíràn kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tí wọ́n ní kó máa retí ìpè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ìjọba sanwó lásìkò, kí ó sì béèrè ìwé àdéhùn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé kí ó tó gbé iṣẹ́ fún un. Kí ọ̀gá ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ tí iṣẹ́ kò ní sí. Kí àwọn òṣìṣẹ́ náà para pọ̀, kí wọ́n yan aṣojú, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè béèrè ẹ̀tọ́ kí wọ́n má lé e. A kì í gbé iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Iná yìí ti wà lórí òrùlé Ṣómólú, ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀.