Bí Àgbà Bá Ń Ṣarán, Ẹ Má Bá A Jà

Ìtìjú wà fún mi nínú ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ẹlòmíràn yóò ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági, ní Ìbàdàn, fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n gbogbo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, orí ni wọ́n ń kó o sí, wọn kì í sì í ṣi kọ́bọ̀ kan. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ta àǹkárá fún obìnrin kan, wọ́n fún un ní ṣéńjì. Kò pẹ́, wọ́n tún fún un ní ṣéńjì kan náà lẹ́ẹ̀kejì. A rẹ́rìn-ín, a ní ogbó ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà nígbà mẹ́fà láàárín wákàtí kan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, owó Ìyá sọnù. Wọ́n nawọ́ sí ọmọbìnrin kékeré tí ó ń bá wọn gbé, wọ́n ní òun ni ó jí i. Èmi àgbàlagbà kò wádìí. Mo na ọmọ náà, mo sì dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ní ọjọ́ kọkànlá, ìyàwó mi fẹ́ ro àmàlà, ó ti ọwọ́ bọ àpò èlùbọ́, owó ni ó fà jáde, kò dín rárá. Ìyá fúnra wọn ni wọ́n fi í síbẹ̀, tí wọ́n sì gbàgbé. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ náà. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò padà wá mọ́.

Ìgbà náà ni a tó gbé Ìyá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ó jẹ́ àrùn yìí: ìbànújẹ́ ọkàn, àìtó fítámì, tàbí oògùn tí ara kò gbà, lè mú kí àgbà máa gbàgbé, ìyẹn sì ṣeé tọ́jú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á tètè lọ. Ṣùgbọ́n ti Ìyá, dìmẹ́ńṣíà ni, àrùn ọpọlọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a fi orúkọ Alois Alzheimer pè, dókítà ará Jámánì tí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906. Kò tíì sí oògùn tí ó ń wò ó sàn.

Ẹ má pè é ní àrùn òyìnbó. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn àgbà wò ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé ìwọ̀n àwọn tí àrùn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà.

Ohun titun ni àrùn yìí kọ́kọ́ ń jẹ. Ó ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Ìyá gbàgbé pé àwọn ti jẹun àárọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè ka orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀. Wọ́n ń wọ bùbá méjì lé ara wọn. Wọ́n ń gbé ìkòkò ka iná, wọ́n ń jáde lọ. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé, nínú ilé ara wọn.

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń jiyàn: "Ilé nìyí, Ìyá!" Ẹkún ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Nísinsìnyí, n ó ní, "Ó dára, Ìyá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹun." Bí a bá fi jẹun tán, ìrìn-àjò ti kúrò lọ́kàn wọn. Àkókò kan náà ni wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹun lójoojúmọ́. Aṣọ kan ṣoṣo ni a ń tẹ́ sílẹ̀ fún wọn. A gbé sítóòfù kúrò lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, iná kékeré sì ń tàn lóru ní ọ̀nà ilé ìgbẹ́. A kó àǹkárá fún wọn. Wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u, wọ́n ń ka ọ̀pá rẹ̀, ojú wọn a sì mọ́lẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wa, nítorí ẹnì kan kò lè dá a rù.

Mo tún sọ fún gbogbo aládùúgbò. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa ìyá arúgbó tí ó ṣìnà lóru, tí ilẹ̀ mọ́ bá níwájú ilé onílé, tí wọ́n pè é ní àjẹ́, tí wọ́n sì lù ú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fà á lọ́wọ́, ẹ bèèrè ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe àjẹ́. Ilé ni ó ń wá.

Lánàá, Ìyá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tí ó ti kú pè mí. Mo dáhùn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.