Tíṣà Abúlé Tí Wọ́n Ń Yìn ní Scotland

Wọ́n máa ń yin tíṣà abúlé ní Scotland bí ẹni ń ki ọba. Àwa náà mọ ohun tó ṣe. Òfin ọdún 1696 ní kí àwọn onílẹ̀ ní àgbègbè ìjọ kọ̀ọ̀kan pèsè ilé ìwé, kí wọ́n sì máa sanwó tíṣà. Tíṣà yìí kan náà ló sábà máa ń ṣe akọ̀wé ìjọ. Ó ń kọ́ ọmọ tálákà ní Látìn, títí òmíràn nínú wọn fi wọ yunifásítì. Ohun ńlá ni, a ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹnu àwọn olùyìn ń wúwo tó bá kan Gaelic, èdè àwọn ará ilẹ̀ olókè àti erékùṣù? Láti 1616 ni ìjọba ti ní kí ilé ìwé wà ní gbogbo àgbègbè ìjọ, kí Gẹ̀ẹ́sì lè gbilẹ̀, kí Gaelic sì pa rẹ́. Òfin 1872 sọ ilé ìwé di dandan fún ọmọ ọdún 5 sí 13, kò dárúkọ Gaelic rárá. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ìtumọ̀ ìyẹn: ohun tí o kò kọ sínú ètò, ẹ̀rọ ò ní ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n nà torí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn. Wọ́n fi igi kọ́ àwọn mìíràn lọ́rùn. Ní 1891, àwọn tó ń sọ Gaelic ní Scotland lé ní 250,000. Ní 2011, wọn ò tó 60,000. Tíṣà nìkan kọ́ ló fà á. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn, àwọn mìíràn ṣí lọ sí Kánádà. Àmọ́ ọwọ́ tíṣà wà ńbẹ̀.

Wọ́n á ní àwọn òbí gan-an ló fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣé dandan ni ká na Gaelic kúrò lẹ́nu ọmọ kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni? Láti nǹkan bí 1811, ẹgbẹ́ kan ní Edinburgh ń rán tíṣà lọ kọ́ àwọn ènìyàn láti ka Bíbélì ní Gaelic. Èdè tó yé wọn ni wọ́n fi mọ̀wé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán lèyí o. Nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ilé ìwé ṣì wà tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ “fànákúlà”. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, ẹ má yọ Yorùbá kúrò. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà tó wà lọ́jà.