Ẹ wo ẹnu tápù kí ẹ tó pe idraulico

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn mọ́ àwọn idraulico nínú.

Omi tápù ìdáná àǹtí mi ní Alessandria kò lágbára mọ́, ó ń ṣe tín-ín-rín bí òwú. Onílé ní àwọn ni wọ́n bà á jẹ́, kí wọ́n lọ ra tápù tuntun. Mo ní, "Àǹtí, ti ilé ìwẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n ní ìyẹn ń tú yàà. Ha! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

Tí gbogbo tápù ilé bá rọ, páìpù ilé tàbí ilé iṣẹ́ omi ló ni ẹjọ́. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan, ẹ wo ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdáná nìkan, tútù àti gbígbóná, ẹ fura sí asẹ́ kékeré ẹnu tápù, èyí tí wọ́n ń pè ní rompigetto.

Calcare ló ń dí i. Omi tó bá gba inú òkúta ẹfun kọjá máa ń kó calcium dání. Tó bá gbóná tàbí tó gbẹ, á di nǹkan funfun tó le gbagidi, bíi ti ìdí kẹ́tù yín. Gradi francesi ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe le tó: gradi 1 jẹ́ mílígírámù 10 calcium carbonate nínú lítà kan. Òfin Italy ọdún 2001 dá a lábàá nígbà náà pé kó wà láàárín 15 sí 50. Kì í ṣe májèlé! Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn èèyàn wa tó ń ru omi oníke gun àtẹ̀gùn nítorí kẹ́tù lásán.

Ẹ tú asẹ́ náà, kí ẹ ṣí tápù wò láìsí i. Tí omi bá tú jáde, ọ̀daràn ti wà lọ́wọ́ yín. Tí kò bá tú, ẹ wo kọ́ọ̀kì abẹ́ síǹkì bóyá kò ṣí tán. Ẹ rẹ asẹ́ sínú aceto funfun fún wákàtí kan. Á máa hó. Carbon dioxide ló ń jáde bí ásíìdì ṣe ń jẹ calcare. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ á parí ìyókù. Ẹ má pò ó mọ́ candeggina o, gáàsì burúkú ló ń mú jáde!

Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹni tí èdè Italy kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu ni wọ́n máa ń sọ pé ó ba nǹkan jẹ́. Àǹtí mi kó èérún calcare náà sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lọ fi han onílé.