Ìtẹ́ Ẹyẹ Pẹ̀lú Ilé Ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, kámẹ́rà kò tíì dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe lè há mọ́ ẹyẹ, kí ó wo ìlú Tucson ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Inú aṣálẹ̀ Sonora ni ìlú yìí wà, òkè sì yí i ká. Ìlú fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,400, ṣùgbọ́n Mount Lemmon tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ga ju 9,000 lọ. Ní ìsàlẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò ní ewé, tí wọ́n ń pè ní saguaro, ni ó gba ilẹ̀. Àkókó a máa gbẹ́ ihò sí i lára. Bí ó bá kó jáde, òwìwí kan tí ó wà lára àwọn tí ó kéré jù lọ láyé a kó wọlé. Bí mọ́tò bá gun òkè fún bí wákàtí kan, aṣálẹ̀ á di igbó igi páínì, ẹyẹ mìíràn á sì gba ipò. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wo ẹyẹ fi ń wọ́ lọ síbẹ̀.

N kò bá wíwo ẹyẹ jà. Bí àwọn ọdẹ wa kò bá fara balẹ̀ wo ẹyẹ, ibo ni wọn ìbá ti rí oríkì tí wọ́n ń fi sun ìjálá? Àwòrán pẹ̀lú wúlò. Láti ọdún 2002 ni eBird ti wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣe àkọsílẹ̀ ẹyẹ tí ó rí, ọjọ́ àti ibi tí ó ti rí i. Àwòrán a sì máa ṣe ẹlẹ́rìí.

Àwọn tí wọ́n ń fi tipátipá gba àwòrán ni mo ń bá wí. Wọn a ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àáké ta ni ó ń bàjẹ́ níhìn-ín? Kì í ṣe ti ayàwòrán, ti ẹyẹ ni.

Ní oṣù kẹfà, ooru Tucson a máa kọjá ìwọ̀n 40 Sẹ́ńtígíréèdì. Àdàbà tí ó sàba nígbà náà ń ṣíji bo ẹyin rẹ̀ kí oòrùn má baà sè é. Bí ayàwòrán bá sún mọ́ ọn títí ó fi fò, oòrùn lè pa ohun tí ó wà nínú ẹyin kí ìyá tó padà. Àwòrán dára, ọmọ kú.

Ẹ tún wo Madera Canyon, àfonífojì kan ní àwọn òkè Santa Rita, ní gúúsù ìlú náà. Ẹyẹ aláyà pupa kan, elegant trogon, a máa ti Mẹ́síkò wá pamọ níbẹ̀. Àwọn kan a máa fi tẹlifóònù lu ohùn rẹ̀ tí a ti gbà sílẹ̀. Akọ á rò pé akọ mìíràn wá gba ilẹ̀ òun. Á pa oúnjẹ tì, á máa wá ọ̀tá tí kò sí. Bí ogún ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ ńkọ́? Ẹgbẹ́ American Birding Association pàápàá ti kìlọ̀ nípa àṣà yìí nínú ìlànà wọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí kò bá sí àwòrán, ta ni yóò gbà pé òun rí i? Èsì mi ni pé ẹyẹ kò jẹ wá ní gbèsè ẹ̀rí. Kí ayàwòrán lọ sí Sweetwater Wetlands, nínú ìlú náà gan-an. Wọ́n ń darí omi tí ará ìlú ti lò síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un ṣe, ó sì ti di adágún fún ẹyẹ. Ọ̀nà wà fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Kí ó jókòó, kí ó ní sùúrù, kí ẹyẹ fúnra rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa kì í já wọ ilé onílé. A máa kágò. Bí onílé kò bá dáhùn, a padà lẹ́yìn. Ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ilé ni.