Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀kọ́ Ìrìn-àjò Olówó Kékeré ní Ìlú Ahmedabad

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Òwe yìí gba ènìyàn níyànjú láti rìn, ṣùgbọ́n kò sọ iye tí ó yẹ kí ó ná. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé owó gan-an ni ìrìn-àjò afẹ́. Lójú wọn, ẹni tí kò bá lè sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, tí kò lè háyà mọ́tò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí kò sì ní agbára láti gba afinimọ̀nà tí yóò máa tẹ̀lé e kiri, kí ó yáa jókòó sílé. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìlú Ahmedabad, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà, jẹ́ ẹ̀rí pé ohun tó níye lórí jùlọ nínú ìlú àtijọ́ ni ohun tí ẹsẹ̀ lè dé, tí ojú lè rí, tí owó kékeré sì ká. Àmọ́ ẹ̀rí náà ní apá kejì tí àwọn tó fẹ́ràn ọjà ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́: ó ní ibi tí ó yẹ kí arìnrìn-àjò ti ṣọ́ owó ná, ó sì ní ibi tí kò yẹ.

Ní ọdún 1411 ni Ahmad Shah Kìn-ín-ní, ọba Mùsùlùmí tó ń jẹ lórí Gujarat nígbà náà, tẹ ìlú yìí dó sí apá ìlà-oòrùn odò Sabarmati. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú náà ń jẹ́ títí di òní. Ní 2017, àjọ UNESCO kọ orúkọ ìlú àtijọ́ náà sínú ìwé àwọn ogún tí gbogbo ayé jọ ni. Òun ni ìlú àkọ́kọ́ ní Íńdíà tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀, kí Jaipur tó tẹ̀lé e ní 2019. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kì í ṣe ààfin kan tàbí ibojì ọba kan ni wọ́n dá lọ́lá. Odidi ìlú ni, pẹ̀lú àwọn òpópónà rẹ̀, ọjà rẹ̀, àti àwọn ènìyàn tó ń sùn tí wọ́n ń jí nínú rẹ̀. Ní òdìkejì odò, àwọn ilé onígíláàsì ń ga sókè lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ohun tó mú kí ìlú àtijọ́ yìí yàtọ̀ ni àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní “pol”. Ẹni tó bá mọ agboolé yóò tètè lóye rẹ̀. Pol jẹ́ àkójọ ilé tó fara kan ara wọn, tí ọ̀nà tóóró kan wọ inú wọn, tí ẹnu ọ̀nà náà sì ní ìlẹ̀kùn tí wọ́n máa ń tì láyé àtijọ́ kí olè tàbí ọ̀tá má baà wọlé. Àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà tàbí ẹ̀sìn kan náà ló sábà máa ń gbé pọ̀. Igi tí wọ́n fín dáradára ni òpó àti iwájú ọ̀pọ̀ ilé wọn. Lábẹ́ àgbàlá àwọn ilé náà, wọ́n gbẹ́ àgbá omi sínú ilẹ̀ láti máa gba omi òjò pamọ́ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní gbangba àdúgbò, wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ilé kékeré sí orí rẹ̀ níbi tí wọ́n ń da ọkà sí fún àwọn ẹyẹ. Mọ́tò kò lè wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Olówó tó bá jókòó sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ yóò kan wo ẹnu ọ̀nà lásán, yóò sì máa lọ. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn ni ìlú náà ṣí ilẹ̀kùn fún.

Ìjọba ìlú náà tètè mọ èyí. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti dá ìrìn ẹsẹ̀ òwúrọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ń mú àlejò la inú ìlú àtijọ́ kọjá, owó tí wọ́n sì ń gbà kò tó nǹkan. Tẹ́ńpìlì Swaminarayan tó wà ní Kalupur, tí wọ́n kọ́ parí ní 1822, ni ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó parí sí Jama Masjid, mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ parí ní 1424, tí òpó inú rẹ̀ lé ní 250, tí ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1819 sì wó òkè àwọn ilé ìpèrùn rẹ̀. Láàárín méjèèjì, àlejò yóò gba iwájú àwọn tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Jain kọjá, níbi tí wọn kì í ti í fẹ́ kí ènìyàn wọ ohun tí a fi awọ ẹran ṣe wọlé. Láti ilé òrìṣà dé mọ́ṣáláṣí, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré níbẹ̀ o, nítorí ní 2002, rògbòdìyàn láàárín Híńdù àti Mùsùlùmí gba ẹ̀mí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Gujarat, Ahmedabad sì wà lára ibi tí ó ti le jù. Ẹni tó bá rin ọ̀nà náà lẹ́yìn tí ó ti mọ ìtàn yìí yóò rí i pé àwọn òkúta àtijọ́ náà ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ní ojú ọ̀nà kan náà ni ohun kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè fẹ́ràn. Nínú pol kan, níbi tí ilé Dalpatram wà nígbà ayé rẹ̀, wọ́n gbé ère akéwì náà jókòó síwájú ilé, bí ẹni pé ó ń gba atẹ́gùn tí ó sì ń retí ẹni tí yóò kí i. Wọ́n bí Dalpatram ní 1820, ó sì kú ní 1898. Èdè Gujarati ni ó fi kéwì. Nígbà tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Alexander Kinloch Forbes dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú náà ní 1848 fún ìlọsíwájú èdè ìbílẹ̀, Dalpatram bá a ṣiṣẹ́, ó sì di olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà. Wọn kò gbé ère rẹ̀ sí oríta tí mọ́tò ń yí po. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, láàárín àwọn tó ń sọ èdè tó fi kéwì. Kò sẹ́ni tó ń gba owó kí ènìyàn tó dúró níwájú rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, àlejò olówó kékeré yóò gba Manek Chowk lọ. Ọjà kan ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń ṣe ọjà oríṣiríṣi. Lọ́sàn-án, àwọn oníwúrà àti onífàdákà ló ń nájà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tì í, àwọn olóúnjẹ yóò gbé tábìlì àti ààrò jáde, èéfín àti òórùn àtàtà yóò sì gba gbogbo ibẹ̀ títí di òru. Nítòsí ibẹ̀ ni ibojì àwọn olorì Ahmad Shah wà, àwọn ìyá ọlọ́jà sì pàtẹ aṣọ yí i ká. Ibẹ̀ ni òkú ọba àti ọjà òní ti jọ ń gbé láìjà.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí Sidi Saiyyed wà, èyí tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Áfíríkà mọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni Sidi Saiyyed. Láti ilẹ̀ Habasha, ní agbègbè Ethiopia òde òní, ni ìran rẹ̀ ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1572 sí 1573, nígbà tí ìjọba àwọn ọba Gujarat ń lọ sópin, tí Akbar fẹ́ gba ilẹ̀ náà, ni wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí kékeré yìí. Òkìkí rẹ̀ wà nínú àwọn fèrèsé òkúta tí wọ́n fín ní ihò ihò. Nínú ọ̀kan, igi kan na ẹ̀ka rẹ̀, ẹ̀ka lọ́ mọ́ ẹ̀ka, ọ̀pẹ sì wà láàárín wọn, títí òkúta fi dà bí aṣọ léèsì. Àwòrán yìí ti di àmì ìlú náà, ilé ẹ̀kọ́ gíga ńlá kan tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣàkóso iṣẹ́ ní ìlú náà sì ti inú rẹ̀ mú àmì tirẹ̀. Ẹni tó dúró sí ẹ̀bá títì lè wò ó tẹ́rùn láìná kọ́bọ̀.

Bí a bá wá ń wá ẹlẹ́rìí tí yóò gbe ìrìn-àjò olówó kékeré lẹ́sẹ̀, Ahmedabad ní èyí tó ju gbogbo ẹlẹ́rìí lọ. Nígbà tí Mohandas Gandhi padà sí Íńdíà ní 1915, ọ̀gá rẹ̀ Gokhale gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà ká kí ó tó la ẹnu sọ̀rọ̀ òṣèlú. Kíláàsì kẹta nínú ọkọ̀ ojú irin ni Gandhi ń wọ̀, láàárín àwọn tálákà, ó sì kọ̀wé ní 1917 nípa ìyà tó ń jẹ àwọn èrò inú rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni ó kó lọ sí etí odò Sabarmati, níbi tí ó gbé títí di 1930. Ilé tí ó gbé ṣì wà níbẹ̀, kékeré, láìní ọ̀ṣọ́ kankan. Láti ibẹ̀ ni ó ti gbéra ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ọdún 1930, pẹ̀lú àwọn ọmọlẹ́yìn 78, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí 385 kìlómítà dé Dandi létí òkun láti lọ bu iyọ̀ tí òfin òyìnbó sọ pé wọn kò gbọdọ̀ bù. Ìrìn tí kò ná wọn ní owó ọkọ̀ mi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tìtì. Ní 2024, ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti tún àgbègbè náà kọ́ pẹ̀lú bílíọ̀nù méjìlá rúpìì. Tushar Gandhi, ọ̀kan nínú àtọmọdọ́mọ rẹ̀, ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2021, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ọ̀ṣọ́ yóò bo ìwà ìrọ̀rùn ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀.

Òótọ́ ni pé ìrìn-àjò olówó kékeré ní ìnira tirẹ̀. Ooru oṣù Karùn-ún ní Ahmedabad máa ń kọjá ogójì lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá gbọ́n yóò lọ láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Ariwo ìwo ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró. Ikùn àlejò lè má gba ata ibẹ̀. Ìnira wọ̀nyí kò burú, nítorí ara àlejò ni wọ́n ń mọ sí. Ohun tó burú ni nígbà tí àlejò bá fẹ́ gbé ìnira náà ru onílé.

Ẹ wo àlejò tó fi ọ̀pọ̀ owó wọ ọkọ̀ òfuurufú, tó wá dúró nínú oòrùn tó ń bá oní-Márúwá jà nítorí rúpìì mẹ́wàá. Ẹ wo ẹni tó ya fọ́tò ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láìtọrọ gáfárà, bí ẹni pé ẹranko inú ọgbà ni. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe amówóná, ahun ni. Pol kì í ṣe ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ilé onílé ni. Igi àwọn ilé náà ń jẹrà, àtúnṣe wọn wọ́n, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ti kó lọ sí òdìkejì odò. Ìdílé mìíràn ti sọ ilé baba wọn di ilé àlejò kí wọ́n lè rí owó fi tún un ṣe. Bí àlejò bá wò tán tí kò ra nǹkan kan, tí kò sùn síbẹ̀, tí kò sì jẹun níbẹ̀, àwọn ìran tó ń bọ̀ lè má bá nǹkan kan láti wò. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú pé, ní ọ̀pọ̀ ibi àtijọ́ tí ìjọba Íńdíà ń bójú tó, owó tí àlejò òkèèrè ń san fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ọmọ ilẹ̀ náà lọ, tí àwọn ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ogún ọmọ ni. Ó tọ́ kí ọmọ rí i kí àlejò tó rí i.

Nítorí náà, ìlànà tó yẹ kí a fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rọrùn láti rántí. Kí arìnrìn-àjò ṣọ́ owó ná lórí ibùsùn ara rẹ̀, lórí ọkọ̀ rẹ̀, àti lórí ohun tí yóò fi ṣe fọ́rífọ́rí padà sílé. Kí ó má ṣọ́ owó ná lórí òógùn ẹni tó gbà á lálejò. Kí ó sì kàwé kí ó tó lọ, nítorí ẹni tí kò mọ ìtàn Dalpatram yóò kan rí bàbá arúgbó kan tó jókòó ni. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí ìtìjú nínú ìtẹ́ kékeré. Eku tó bá ń jẹ òpó ilé onílé nìkan ni ìtìjú wà fún.