Kí A Tó Gbé Ìwé Aláwòrán Wa Lé Ẹni Tí Yóò Prẹ́sì Rẹ̀ Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù tàbí gbèsè tí a kò san. Ọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó wà nídìí rẹ̀, ẹkún náà sì wà nídìí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi àpótí kan sílẹ̀ tí ìwé aláwòrán kún inú rẹ̀. Ikebe Super wà níbẹ̀, èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Atọ́ka náà wà níbẹ̀, ìwé eré onífọ́tò lédè Yorùbá tí ilé iṣẹ́ West African Book Publishers bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1967. Ẹ̀yin àgbà á rántí. Papa Ajasco àti Boy Alinco, kí wọ́n tó di ẹni orí tẹlifíṣọ̀n, inú ìwé la ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.

Ọmọ ìyá yìí tó wà ní London wá sọ fún un lórí fóònù pé àwọn kan ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, pé kí wọ́n prẹ́sì rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà fún gírédì. Bí ìyá ti gbọ́ prẹ́sì, alágbàfọ̀ ló wá sí i lọ́kàn. Ó gbé mẹ́ta lọ. Ọmọkùnrin náà wọ́n omi sí i, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e bí ẹni ń lọ aṣọ. Èèpo ìwé lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù, ojú ìwé inú lẹ̀ mọ́ ara wọn, píìnì àárín sì lu ihò jáde. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bàjẹ́ pátápátá. A ò dá ọmọkùnrin náà lẹ́bi. Aṣọ ló kọ́, kò kọ́ ìwé.

Ìyá wá sí ọ́fíìsì wa lẹ́yìn náà, ó fẹ́ yá owó kí ó fi rán àwọn tó kù lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ìgbìmọ̀ jókòó lé lórí, a sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ibi tí a dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí gírédì jẹ́. Ẹ̀yin tí bàbá yín dá oko kòkó mọ̀ ọ́n dáadáa. Kòkó tí a kò sá kí ó gbẹ kò lè wọ gírédì kìn-ín-ní, bó ti wù kí igi rẹ̀ dára tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwé. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní CGC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000. Wọn yóò yẹ ìwé wò láti èèpo dé èèpo, wọn yóò fún un ní máàkì láti 0.5 títí dé 10, wọn yóò sì dì í sínú ike tó mọ́ gaara. Ẹni tó fẹ́ rà á lókèèrè yóò gba máàkì náà gbọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Action Comics àkọ́kọ́, tí wọ́n tà ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti Amẹ́ríkà ní 1938, di mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Máàkì 8.5 ló gbà. Ẹ má ṣe fò sókè o! Ti Superman nìyẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìwé tiwa kò tíì dé ibẹ̀.

Prẹ́sì wá ńkọ́? Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò kọ́kọ́ fi ohun tó rọ̀ nu ìdọ̀tí orí ìwé kúrò. Yóò jẹ́ kí ọ̀rinrin díẹ̀ wọ inú ìwé náà, kì í ṣe kí ó da omi sí i. Yóò fi ìwé tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan bò ó, yóò gbé e sínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n, yóò sì jẹ́ kí ó tutù lábẹ́ ìwúwo fún ìgbà pípẹ́. Ibi tó ká á nà, ibi tó wú á lọ sílẹ̀. Kò fi nǹkan kan kún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Nítorí náà CGC kò ka prẹ́sì sí àtúnṣe.

Ṣùgbọ́n ohun tí prẹ́sì kò lè ṣe pọ̀. Kò lè rán ibi tó ya. Kò lè dá àwọ̀ tó ti ṣí padà. Kò lè yọ ìpẹtà píìnì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá ibi tí ikán jẹ padà. Àwa tí a ń gbé létí ọ̀sà ní Ọjọ́ níbí, a mọ bí ọ̀rinrin ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Púpọ̀ nínú ìwé wa, ìpẹtà ni àrùn rẹ̀, kì í ṣe kíká. Ẹni tó bá gbowó prẹ́sì lórí irú rẹ̀ láìsọ òótọ́ fún yín, olè ni.

Ohun kejì tó léwu ni gọ́ọ̀mù, sẹ́lótéèpù àti ọ̀dà. Ẹ̀yin ará Àlàbá, ẹ gbọ́. Bí ẹnì kan bá kun fíríìjì tòkunbọ̀ lọ́dà tuntun, ṣé ẹ kì í ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò? Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti jó o lẹ́ẹ̀lẹ́, ṣé iye tó dá lé e lẹ ó san? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fún ìwé ní gírédì ṣe ń ṣe. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ibi tó ya tàbí pé wọ́n fi bírò kun ibi tó ṣí, wọn yóò lẹ àmì aláwọ̀ àlùkò mọ́ ike rẹ̀ dípò aláwọ̀ búlúù, owó rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Ìwé tó ya tí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí ẹnì kan fi ọgbọ́n àrékérekè tún ṣe lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ní Èkó, ì báà jẹ́ ní London, ẹ bi í léèrè nǹkan wọ̀nyí. Ìwé mélòó ló ti ṣe, ṣé ó lè fi fọ́tò wọn hàn bí wọ́n ti rí ṣáájú àti lẹ́yìn? Ṣé yóò yẹ ìwé wò kí ó tó gbowó, kí ó sì sọ èyí tí kò yẹ kí a ṣe? Ṣé yóò fún yín ní rìsíìtì tó ka ìwé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà àti àbùkù rẹ̀? Bí ó bá bà á jẹ́, èló ni yóò san? Ọjọ́ wo ni yóò parí rẹ̀? Ẹni tó bá bínú nítorí ìbéèrè yìí, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá sì ní ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ ara rẹ̀, ìwé tí kò níye lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un kí ẹ fi dán an wò.

Lórí owó yíyá, a mọ̀ pé ohun tí a fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ àwọn kan. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sọ pé kí a yá ìyá náà lówó, pé opó ni, pé ìwé náà á san án. Àánú rẹ̀ ṣe wá, ṣùgbọ́n a ò fara mọ́ ọn. Owó prẹ́sì wà, owó gírédì wà, owó ọkọ̀ òfuurufú lọ àti bọ̀ wà, kọ́sítọ́ọ̀mù sì wà lọ́nà. Ẹni tí yóò rà á ńkọ́? A ò tíì rí i. Owó ẹgbẹ́, òógùn gbogbo wa ni. A kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n, a kì í sì í ti ìdí gbèsè wá oníbàárà.

Ohun tí a gbà ìyá náà nímọ̀ràn, òun náà la gba gbogbo yín. Ẹ to ìwé yín sínú ọ̀rá tó mọ́, ẹ fi páálí tẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbé e sókè kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí àgbàrá má bàa bá a. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Kí ọmọ tó wà lókèèrè kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba irú ìwé yìí fún gírédì, kí ó sì wá ẹni tí yóò rà á àti iye tí yóò san. Bí iye náà bá ju ìnáwó lọ, kí ẹ mú èyí tó dára jù lọ, ẹyọ kan péré, kí ẹ fi owó ara yín ṣe é. Bí ó bá yọrí sí rere, ẹ wá bá wa, a ó tún ọ̀rọ̀ yá owó jókòó lé.

Ìyá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ka ìwé rẹ̀, ó kù mọ́kànlélógójì. Ó ní nígbà tí òun ń kà á, òun bá ibi tí ọkọ òun kọ orúkọ òun sí lára èèpo Atọ́ka kan, nígbà tí wọn kò tíì fẹ́ ara wọn. Ó ní ìyẹn kò ní lọ síbì kankan, prẹ́sì o, gírédì o. Àwa náà sọ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má gbàgbé owó oṣù yín o. Ire ni a ó máa bá ara wa ṣe.

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀